Ìwé Tí Mo Lẹ̀ Mọ́ Ògiri Àtẹ̀gùn

"Ta ló rán ọ níṣẹ́?" Àǹtí mi, ìbéèrè tí adájọ́ bi mí ní kóòtù lọ́sẹ̀ tó kọjá nìyẹn, bí mo sì ṣe jókòó síwájú yín yìí, mi ò tíì rí èsì fún un. Ta ló rán mi? Ṣé dandan ni kí wọ́n rán èèyàn níṣẹ́ kó tó ké pé iná ń jó? Àgbébọ̀ tó rí àwòdì tó sì ń pariwo, ta ló bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì na ìwé yẹn sí mi. Ẹ gbé e lé tábìlì níbẹ̀. Mo ti rí i. Mo tilẹ̀ ti kà á láti ibi tí mo jókòó sí, ojú àná lẹ ṣì fi ń wò mí. "Èmi tí mo fọwọ́ sí ìwé yìí jẹ́wọ́ pé irọ́ ni mo pa mọ́ onílé, mo sì ṣèlérí pé mi ò ní kọ ọ́ mọ́, mi ò sì ní sọ ọ́ mọ́..." Háà! Irọ́! Èmi!

Ẹ ní kí n rora? Mò ń rora, Àǹtí. Ọmọ ń sùn nínú yàrá, ìyẹn lẹ ṣe ń gbọ́ ohùn mi wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ báyìí. Bí kì í bá ṣe tọmọ ni, àwọn ará àjà kìíní ì bá ti máa bá wa dá sí i.

Mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ bá wa wá ilé yìí. Ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ẹ̀yin lẹ gba ọmọ yìí lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kí èmi tí mo bí i tó fojú kàn án. Mi ò gbàgbé, n ò sì ní gbàgbé. Ṣùgbọ́n ẹnu Ó-Ń-Bọ̀ lẹ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ ò gbọ́ ọ lẹ́nu tèmi. Bẹ́ẹ̀ ni, alámòójútó ilé ni mò ń pè bẹ́ẹ̀, gbogbo ilé ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Omi ò yọ: "Ó ń bọ̀." Iná lọ: "Ó ń bọ̀." Òrùlé ń jò sórí bẹ́ẹ̀dì èèyàn: "Ó ń bọ̀, ẹ fi abọ́ gbè é ná." Ohun tó ń bọ̀ láti ọdún tí a ti dé ibí, a ò mọ ibi tó sùn sí lọ́nà.

Ó ti lé lóṣù mẹ́wàá báyìí. Mò ń pọn omi gòkè, garawa lọ́wọ́ ọ̀tún, Arìnká lọ́wọ́ òsì. Ẹ mọ ọmọ yín, orúkọ ìnagijẹ tí ẹ sọ ọ́ rò ó, kì í fẹ́ kí wọ́n di òun lọ́wọ́ mú. Bí a ṣe dé àjà kẹta, ó já ọwọ́ rẹ̀ gbà, ó sì di irin àtẹ̀gùn mú bí àgbàlagbà, irin náà bá ṣí síta bí ilẹ̀kùn. Bí ilẹ̀kùn, Àǹtí! Ó ṣí sójú òfuurufú, ọmọ mi sì rọ̀ mọ́ ọn. Mi ò mọ ìgbà tí mo ju garawa nù. Ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ ni mo rí gbá mú. Bọ́tìnì méjì já níbẹ̀, mo sì gbọ́ tí wọ́n balẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì nísàlẹ̀, kó, kó. Títí dòní, bí ohun kékeré bá já bọ́ nínú ilé yìí, àyà mi á já. Ẹ máa ń sọ fún àbúrò yín pé ẹ̀rù ti pọ̀ jù lára ìyàwó rẹ̀. Ó pọ̀, mi ò jiyàn. Ẹ fi abiyamọ kan hàn mí tí kò lẹ́rù lára.

Ṣé mo sáré lọ kọ̀wé ni? Rárá o! Mo tọ Ó-Ń-Bọ̀ lọ lẹ́ẹ̀mẹrin, mo bẹ̀ ẹ́ bí ẹni bẹ ìkà. "Ìyá ọmọ, wẹ́dà ń bọ̀." Lẹ́ẹ̀mẹrin! Nígbà tó sì máa ṣe nǹkan kan, wáyà ló fi so ó, ó wá gbé ọ̀dà aláwọ̀ ewé kùn ún lé e lórí. Irin tó ti kú, ó fi àtíkè kùn ún! Ṣé ẹ rí i pé ìyẹn tún burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ? Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá rí ìpẹtà ara rẹ̀ á yẹra. Ní báyìí ó ń dán, ó ń pe èèyàn pé wá dì mí mú.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni tíṣà wa ní kíláàsì àgbà, níbi tí mo ti ń kọ́ ìwé kíkà àti kíkọ, sọ pé kí kálukú wa kọ ohun tí ẹlòmíràn máa kà tí yóò ṣe é láǹfààní. Bíríkìlà tó ń jókòó tì mí kọ lẹ́tà sí àna rẹ̀. Èmi ò ní àna tí mo fẹ́ kọ̀wé sí, ẹ má bínú o. Mo kọ tèmi sí àwọn ará ilé. Mo lè kà á fún yín lórí: "Ẹ̀yin ará ilé, ẹ má di irin àjà kẹta mú. Nọ́ọ̀tì rẹ̀ ti jáde. Ọ̀dà lẹ ń rí, irin náà kò dúró. Ọmọ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ. A ti sọ fún alámòójútó lẹ́ẹ̀mẹrin. Èmi ìyá ọmọ, yàrá kẹjọ." Ó tán. Mo fi gúlù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin náà. Ẹ wá mú ìka yín lé ibi tí irọ́ wà níbẹ̀. Ẹ mú un lé e, mò ń dúró.

Ó-Ń-Bọ̀ ya á, mo kọ òmíràn. Ó ya ìyẹn náà, mo kọ òmíràn. Mọ́kànlá ni mo kọ, Àǹtí! Nígbà tí mo fi máa dé orí ìkọkànlá, ọwọ́ mi ti mọ́, lẹ́tà mi ti ń tò bí eyín ọmọge. Kí n má parọ́, alámòójútó yẹn kọ́ mi ní ìkọ̀wé ju tíṣà lọ. Àwọn ará ilé náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tiwọn sábẹ́ tèmi. Télọ̀ àjà kejì kọ ọ́ pé omi òjò ti ba aṣọ oníbàárà òun jẹ́. Ẹnìkan tí mi ò mọ̀ títí dòní kọ ọ́ gàdàgbà pé, "Ṣé Ó-Ń-Bọ̀ ti dé?" Ẹ rẹ́rìn-ín, ó tọ́, gbogbo wa la rẹ́rìn-ín. Àfi ìgbà tí tọkọtaya kan wá wo yàrá tó ṣófo lókè, tí wọ́n dúró níbi ògiri, tí wọ́n kà á tán, tí wọ́n wo ara wọn lójú, tí wọ́n sì rọra sọ̀ kalẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni onílé ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé irin òun kò dúró. Dípò kó pe wẹ́dà, lọ́yà ló pè.

Ó ní mo ba òun lórúkọ jẹ́. Akọ́dà kóòtù wá kan ilẹ̀kùn yìí lọ́sàn-án gangan, mò ń fún ọmọ lóúnjẹ lọ́wọ́. Ó na ìwé olójú mẹ́ta sí mi. Mo ní, "Kí ló wà níbẹ̀?" Ó ní, "Wọ́n ní kí o má kọ, kí o má lẹ̀, kí o má sọ ohunkóhun nípa ilé yìí. Bí o bá sọ ọ́, ẹ̀wọ̀n ni." Ó yíjú, ó lọ. Mo gbìyànjú láti kà á. Mo ka ìlà méjì, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ le bí egungun, ọ̀rọ̀ kan gùn tó ìbùsọ̀. Mo bú sẹ́kún. Mo ki ìwé náà bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo sì ki ahọ́n mi bọ̀ ọ́ pẹ̀lú.

Tíṣà ló ní òun mọ àwọn tó lè gbèjà mi, nílé ẹ̀kọ́ àwọn lọ́yà. Ó ní kílíníìkì ni wọ́n ń pè é. Kí ni mo mọ̀? Mo gbé káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ dání, mo wẹ ọmọ mọ́ tónítóní. Ẹ̀yìn ilé ìkàwé ni, yàrá kan báyìí, tábìlì méjì, àga mẹ́fà tí kò jọra, fáìlì láti ilẹ̀ dé òrùlé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó kù díẹ̀ kí wọ́n di lọ́yà ló wà níbẹ̀, ọ̀gá wọn obìnrin kan sì ń tọ́ wọn sọ́nà. Wọn kì í gba kọ́bọ̀. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n dúró ti ẹni tí wọ́n bá fẹ́ fi agbára pa lẹ́nu mọ́. Ọmọge onígíláàsì kan ló jókòó tì mí. Ó wo káàdì abẹ́rẹ́ ọmọ lójú tẹ̀yìn, kò rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mọ̀mọ́, ó ti gba gbogbo rẹ̀ pé, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ ká wá wo tiyín."

Ó kọ gbogbo ohun tí mo sọ sílẹ̀. Ó ní, "Ẹnu yín, ẹ̀tọ́ yín ni. Òtítọ́ ni ẹ kọ. Pé òtítọ́ yín ń lé ayálégbé sá kò sọ ọ́ di irọ́." Àǹtí, láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, ẹnìkan ò tíì sọ fún mi rí pé ẹnu mi tó nǹkan. Mo fẹ́ pariwo ayọ̀. Ó ní, "Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, títí ẹjọ́ yìí yóò fi parí, ẹ má sọ̀rọ̀ náà fún ẹnikẹ́ni o."

Ẹ gbà mí! Onílé ní kí n dákẹ́. Kóòtù ní kí n dákẹ́. Àwọn tó ń gbèjà ẹnu mi náà ní kí n dákẹ́! Ẹnu ta la wá ń jà fún?

Mo dákẹ́. Mo dákẹ́ bí òkú. Ìdánwò dé, Onígíláàsì gbé mi lé ẹgbẹ́ kejì lọ́wọ́. Àwọn ìyẹn ní kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdánwò tiwọn náà dé, wọ́n gbé mi lé ẹgbẹ́ kẹta lọ́wọ́, "Mọ̀mọ́, ẹ jọ̀ọ́, láti ìbẹ̀rẹ̀." Gbogbo ìgbà tí mo bá ti wọlé, bọ́tìnì ọmọ mi á tún já bọ́, kó, kó. Ọmọ dáadáa ni wọ́n o, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bú wọn. Wọ́n kọ àlàyé tó nípọn bí bíríkì lórí ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn láti sọ̀rọ̀. Àmọ́ ohun tí ẹgbẹ́ kìíní kọ sílẹ̀ ni ẹgbẹ́ kejì kà, ti ẹgbẹ́ kejì ni ẹgbẹ́ kẹta kà, kò sẹ́ni tó tún padà lọ wo ìwé kóòtù fúnra rẹ̀. Òfin wọn tóbi, ó tóbi tó òkè, ilé tí mò ń gbé ló kéré lójú rẹ̀.

Ibi tó ń dùn mí nìyí. Ẹ jẹ́ kí n mí.

Oṣù márùn-ún sẹ́yìn, bàbá kan kó wá sí yàrá òkè tó ṣófo. Bàbá afìwéránṣẹ́, ó ti fẹ̀yìn tì, ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì. Ògiri ti mọ́ nígbà náà, wọ́n ti fọ gbogbo ìwé wa kúrò. Ọ̀dà aláwọ̀ ewé ń dán. Mo mọ̀, bàbá ò mọ̀. Mo fẹ́ sọ ọ́, mo rí ẹ̀wọ̀n, mo rí Arìnká tí ń sunkún lẹ́yìn irin ẹ̀wọ̀n. Kí ni mo ṣe? Àràárọ̀ ni mò ń gbé garawa mi dí ìhà irin náà kí bàbá lè gba ẹ̀gbẹ́ ògiri. Bó bá fẹ́ nawọ́ sí i, màá wúkọ́. Màá wú u gan-an! Oṣù méjì gbáko ni mo fi wúkọ́ tí àyà ò dùn mí. Ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé bàbá yẹn lọ ra oògùn ikọ́ fún mi? Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e wá síbi ilẹ̀kùn yìí. Ó ní, "Ìyá Arìnká, tọ́jú ara rẹ, ọmọ kéré."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ara ọmọ gbóná, mi ò jáde. Mi ò gbé garawa síbẹ̀. Mo gbọ́ ọ láti inú yàrá.

Itan rẹ̀ ló kán. Ó ṣì wà ní ilé ìwòsàn títí dòní, oṣù kẹta rèé. Nígbà tí mo lọ wò ó, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ṣé o mọ̀ pé kò dúró?" Mo ní, "Mo mọ̀, bàbá." Kò bú mi. Ì bá bú mi, ì bá sàn. Ó kàn tú ọwọ́ mi sílẹ̀. Àti onílé yín, ẹ mọ ohun tó sọ? Ó ní arúgbó ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kò dúró. Wọ́n tún fi wáyà tuntun so irin náà, wọ́n tún kùn ún. Ẹ lọ wò ó bí ẹ bá ń lọ, ẹ kàn má ṣe dì í mú.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá la dé kóòtù. Onígíláàsì ti parí ìdánwò rẹ̀, ó padà wá fúnra rẹ̀, ọ̀gá wọn jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó sì ya ẹnu! Ó ní, "Olúwa mi, ẹni tó ní kí aládùúgbò ṣọ́ra kò ba orúkọ ẹnikẹ́ni jẹ́. Bó bá jẹ́ pé nǹkan kan ba orúkọ onílé jẹ́, irin rẹ̀ ni. Kí ó lọ pe irin lẹ́jọ́." Gbogbo kóòtù kùn. Lọ́yà onílé ní èmi kọ́ ni mo kọ ìwé náà, pé obìnrin tó ń lọ kíláàsì àgbà kò lè dá irú rẹ̀ kọ, pé ọ̀tá onílé kan ló rán mi. Ni adájọ́ bá wò mí lókè ojú gíláàsì rẹ̀, ó ní, "Ta ló rán ọ níṣẹ́?"

Mo panu mọ́.

Ó tún un bi. Mo panu mọ́. Onígíláàsì ń ṣẹ́jú sí mi, ó ní, "Mọ̀mọ́, ẹ dáhùn!" Mo ní, "Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n má sọ̀rọ̀." Àǹtí, ilé-ẹjọ́ bú sẹ́rìn-ín, akọ̀wé kóòtù ju bírò sílẹ̀. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo wá ní, "Olúwa mi, mi ò mọ ẹni tó rán mi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká jọ lọ, kí ẹ lọ di irin náà mú." Adájọ́ wo ìwé rẹ̀ títí. Ó ní ìdájọ́ di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Láti ọjọ́ yẹn ni àyà onílé ti ń já, òun ló fi rántí pé ẹ̀yin mọ ọ̀nà ilé wa. Ẹ ní bí mo bá fọwọ́ sí i, wẹ́dà á dé lọ́la, bí mi ò bá fọwọ́ sí i, ká kó jáde ní òpin oṣù. Ẹ ní àbúrò yín ti gbà lórí fóònù. Kó gbà! Ọkọ̀ ẹrù ló ń wà, ó wà lójú ọ̀nà, kì í ṣe òun ló di ẹ̀yìn aṣọ ọmọ mú. Ẹ ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ni. Mo gbọ́. Bàbá afìwéránṣẹ́ ń kọ́, èwo ló balẹ̀ nínú tiẹ̀, ohùn ni àbí itan? Àwọn àgbà kan náà ló sọ pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Èmi dákẹ́, tara ẹlòmíràn ló bá mi dákẹ́.

Mo fi ìkúnlẹ̀ abiyamọ búra, mi ò ní fọwọ́ sí i. Bí ẹ fẹ́, kí ẹ bínú. Bí a ó kó jáde, a ó kó jáde, ẹrù wa ò pọ̀. Ẹ dá ìwé yẹn padà fún un, ẹ sọ fún un pé ìyá ọmọ yàrá kẹjọ ní kí wẹ́dà dé lọ́la, láìsí ìwé, láìsí ẹ̀bẹ̀. Ẹ sì ní kí ó lọ bẹ bàbá yẹn ní ilé ìwòsàn.

Àbí ẹ ò wo ògiri nígbà tí ẹ ń gòkè bọ̀? Ìkejìlá ti wà níbẹ̀ láti àárọ̀. Mo kọ ọ́ gàdàgbà-gadagba, kí ẹni tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì lè kà á.

Ẹ̀wọ̀n? Ẹ ní wọ́n máa gbé mi lọ sẹ́wọ̀n? Áà, Àǹtí mi! Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n rẹ́rìn-ín jí ọmọ. Ẹ jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín ná, kí n má baà sunkún. Ní ìjẹta, tíṣà ní kí kálukú mú ìwé tó le jù nílé rẹ̀ wá sí kíláàsì, ká jọ kà á. Mo fa ìwé kóòtù yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo fi ìka tọ̀ ọ́ lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan, odindi wákàtí méjì, èmi fúnra mi, tíṣà kàn jókòó tì mí ni. Ó wà lójú ìwé kẹta, lókè òǹtẹ̀: àṣẹ yìí kò ní ju ọjọ́ mẹ́rìnlá lọ láti ọjọ́ tí wọ́n bá fi lé mi lọ́wọ́. Tíṣà tẹ ọ̀gá kílíníìkì láago lójú mi, obìnrin náà ní kò sẹ́ni tó padà sí kóòtù lọ sọ àṣẹ náà dọ̀tun. Nígbà tí bàbá afìwéránṣẹ́ fi máa gbé ẹrù rẹ̀ gba orí àtẹ̀gùn yẹn kọjá, àṣẹ náà ti kú láti oṣù mẹ́ta ààbọ̀.